Níbo Lo Ti Yó?

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbà wá nímọ̀ràn pé bí èèyàn bá lọ ṣọdún lọ́dọ̀ ẹbí, tí kò fẹ́ kí oúnjẹ ọdún ṣàkóbá fún ìlera rẹ̀, kó sáà rẹ́rìn-ín, kó ní “rárá, ẹ ṣeun” bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, mo fẹ́ bi yín: ilé ta lẹ ti ṣọdún? Kò lè jẹ́ Iléṣà. Lọ́dọ̀ Màmá Iléṣà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹ̀sùn ni “rárá, ẹ ṣeun.” Bí mo bá ní mo ti yó, wọ́n á fọwọ́ lérán, wọ́n á wò mí lójú, wọ́n á ní, “Níbo lo ti yó?” Èsì wo ni mo fẹ́ fọ̀ tí mi ò ní jẹ̀bi? Bí mo bá ní ilé lágbájá ni mo ti jẹun bọ̀, mo ti gbé ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀ gun orí tiwọn. Bí mo bá ní mi ò tíì jẹ, kí ni mo wá ń dúró ṣe tí mi ò lọ fọwọ́?

Tó bá le tán, wọ́n á fi oríkì pè mí. “Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ọwá.” Ẹni tí wọ́n bá fi oríkì pè nílé ìyá rẹ̀ tí orí rẹ̀ ò wú, kó jáde ká rí i. Kí n tó mọ̀, òkèlè ti wà lọ́wọ́ mi.

Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò láàárọ̀, kí n tó fẹnu kan nǹkan kan. 118 ni ṣúgà inú rẹ̀, ní ìwọ̀n mg/dL. Nọ́ọ̀sì ní bó bá dé 126, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tí kò wálẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà ti wọlé jókòó nìyẹn. Pé láti 100 sí 125, ó ṣì ń kan ilẹ̀kùn ni. Ìtọ̀ ṣúgà yìí kan náà ló mú kí wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ bàbá mi méjì, nítorí náà mi ò bá a ṣeré.

Kérésì ọdún yẹn ni mo wá hùwà òmùgọ̀. Mo di báàgì kan lọ́tọ̀ wá láti Ìbàdàn: òòtì, kùkúḿbà, ápù, àti ìwọ̀n kékeré kan tí mo fi ń wọn ohun tí mo bá fẹ́ jẹ. Gbogbo ilé ń jẹ iyán, èmi gbé abọ́ òòtì mi sórí itan bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Màmá Iléṣà ò sọ nǹkan kan. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n pe ìyá mi lórí fóònù: ṣé ìjọ kan ni mo ti wọ̀ ni, àbí aríran kan ló sọ fún mi pé kí n má jẹun nílé àwọn? Ìyá mi sunkún. Ọjọ́ kẹta, mo jókòó ti iyán, mo jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, mi ò sì dáwọ́ dúró títí a fi padà. Ó lé ní kílò mẹ́ta tí mo gbé wálé. Ìwọ̀n kékeré yẹn ṣì wà ní Iléṣà. Ìyẹ̀fun ṣíìn-ṣíìn ni wọ́n fi ń wọ̀n.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn láti ìgbà yẹn, èmi ò sì bá iyán jà mọ́. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú: ẹni tó pa òwe yẹn, bí kì í bá ṣe Ìjẹ̀ṣà, àna wọn ni. (Ẹ̀yin ará Èkìtì, mo ti gbọ́ yín.) Ìyá ìyá mi jẹ iyán títí dọ́jọ́ alẹ́ wọn, wọ́n sì gbó, wọ́n tọ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ sóko, ẹsẹ̀ náà ni wọ́n fi ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù igi lórí. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni iyán náà, nígbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ̀bọ̀lọ́ àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ á sì pọ̀ nínú ọbẹ̀ ju ẹran lọ. Mínírà, ọjọ́ tí wọ́n bá ń kómọ jáde nìkan ni wọ́n ń fojú rí i.

Ẹ wá wo ọdún tàwa. Búrẹ́dì àti tíì tó dùn bí oyin láàárọ̀. Kó tó di aago mọ́kànlá, ṣíìn-ṣíìn ti kárí. Àlejò dé, mínírà. Àlejò lọ, àwa tí a sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mínírà. Ìrẹsì ọ̀sán, iyán ìrọ̀lẹ́, àti iyán mìíràn láago mẹ́wàá alẹ́ torí pé bùọ̀dá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, kò sì dáa kó dá jẹun. Láti ẹ̀gbẹ́ ààfin Ọwá dé ọjà Àtàkúnmọ̀sà tí kò jìnnà rárá, ọ̀kadà la fi ń lọ. Iyán wá ni ká dá lẹ́bi? Ìgò mínírà 35cl kan lè gbé ṣúgà tó giramu 35, ìyẹn á tó bíi hóró ṣúgà mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ohun tó dára jù ni kí ṣúgà tí à ń bù sí oúnjẹ àti ohun mímu má kọjá nǹkan bíi giramu 25 lójúmọ́. Òfin ìnáwó ọdún 2021 fi owó-orí náírà 10 lé lítà mínírà kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé wa, náírà 10 yẹn ò dá ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kọ́.

Ti iyọ̀ ò tiẹ̀ ṣeé sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹn kan náà ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó ṣíbí tíì kan. Mo dúró ti ìyàwó ilé wa bó ṣe ń se ègúsí, mo rí i tó bu iyọ̀, ó tọ́ ọ wò, ó tú máàgì, ó tún tú òmíràn. Iyọ̀ náà ló pọ̀ nínú máàgì, ọ̀pọ̀ wa ò kà á mọ́ iyọ̀.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà fún mi ṣẹlẹ̀ ní Kérésì ọdún 2024. Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí, òùngbẹ gbé mi dé ilé ìdáná. Màmá Iléṣà wà níbẹ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n tú ṣẹ́ẹ́tí ìró wọn, wọ́n ń ka oògùn sí àtẹ́lẹwọ́. Mo mọ ọ̀kan nínú rẹ̀; bàbá mi lò ó títí.

“Ẹ kú ìdájí, mà. Oògùn ṣúgà kọ́ nìyẹn?”

“Àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọdún kẹfà rèé. Má pariwo.”

“Ẹ wá ń bá wa jẹ iyán láago mẹ́wàá alẹ́?”

“Ṣé kí n gbé iyán síwájú àlejò, kí n wá máa wo ẹnu yín ni? Bí ẹ bá ti lọ, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni mò ń jẹ ní tèmi.”

Mo sọ 118 mi fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “O ò sì sọ. O wá ń jẹ oúnjẹ ẹṣin lójú mi.”

Ẹ wò ó, nítorí tiwọn ni mo ṣe ń jẹ. Nítorí tiwa ni wọ́n ṣe ń sè, tí wọ́n tún ń jẹ. Ìyàwó ilé tó ń gún un ni ìka rẹ̀ ń ta. Ta ló wá fẹ́ iyán aago mẹ́wàá yẹn gan-an?

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kéèyàn má dé ilé ẹbí tòun ti ìwàásù. Ẹnì kan ni kó o wá, ẹni tí ìkòkò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó o sọ òótọ́ fún un ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ ní tirẹ̀ o, gbogbo ilé ló yẹ kó mọ̀. Àmọ́ tèmi àti ti Màmá, kò sẹ́ni tó kéde nǹkan kan. Abọ́ ẹ̀fọ́ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú iyán dé orí tábìlì, pẹ̀lú ìgbín àti ẹja, a ó sì ti jẹ ẹ́ jìnnà kí òkèlè tó dé. Iṣu mẹ́fà di mẹ́ta. Bùọ̀dá Èkó ráhùn pé ọwọ́ Màmá ti ń há. Ọjọ́ Kérésì gan-an, a gún un bó ṣe yẹ ká gún un, mo sì jẹ tèmi láìka òkèlè.

Ilé àwọn tó kù tí a ń lọ kí ni kò tíì lójútùú tán. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn káàkiri báyìí, nítorí oúnjẹ tí mo bá rìn lé lórí kì í gbé ṣúgà mi sókè tó èyí tí mo jókòó tì. Wọ́n ṣì ń sọ fún mi pé mo ti rù, pé ṣé kò sí? Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, mo ti rí ọ̀rọ̀ kan tó máa ń ṣiṣẹ́ ju “rárá, ẹ ṣeun” lọ: “Ẹ bá mi dì í, mà.” Inú wọn á dùn, wọ́n á tún fi ẹran kún un, àwọn ọmọ ilé á rí nǹkan jẹ lálẹ́. Ti mínírà, mo ní omi tútù ni kí wọ́n fún mi. Iléṣà tí wọ́n ti ń pọn bíà Trophy, ẹni tó bèèrè omi níbẹ̀, ojú àánú ni wọ́n fi ń wò ó, mo sì ti gbà á bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá Iléṣà pè mí. Wọ́n kí mi, wọ́n kí àwọn ọmọ, wọ́n sọ ti òjò, wọ́n sọ ti owó iṣu. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Àbẹ̀kẹ́, oúnjẹ ẹṣin tí o gbé wá níjọ́sí, báwo ni wọ́n ṣe ń sè é? Má jẹ̀ẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ o.”