Kì í ṣe ọ̀lẹ, ìtìjú ni

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí kò yọjú sí kíláàsì mọ́, ọ̀lẹ ni gbogbo ayé ń pè é. Èmi náà ti jẹ́ orúkọ yẹn rí. Irọ́ ni.

Ìmọ̀ ìṣègùn ni mo kọ sí fọ́ọ̀mù JAMB, Botany, ẹ̀kọ́ nípa ewéko, ni wọ́n fún mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ kan wò wá yí ká, ó ní, “Ẹ̀yin tí ìṣègùn lé dànù, ẹ káàbọ̀.” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bá mi dé yàrá. Òun náà ló máa ń sọ pé A wà fún Ọlọ́run, B wà fún òun, kí àwa máa bá C yí i. (Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ irú ẹ̀ rí, àbí?)

Nígbà tí èsì jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó lójú ọ̀nà. Mo gba F nínú MTH 101, ìyẹn ìṣirò, CGPA mi, òdiwọ̀n gbogbo máàkì mi, já sí 1.98. Third class nìyẹn o. Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà wọ dẹpátímẹ́ǹtì. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ kàwé. Bí mo bá kà á tí mo tún féèlì, a jẹ́ pé olódo ni mí lóòótọ́. Bí mi ò bá kà á, mo ṣì lè ní mi ò kà á ni.

Ìyanṣẹ́lódì ASUU ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko, ló kó gbogbo wa padà sílé. Ẹnìkan tí a jọ ń gbé yàrá, tí tirẹ̀ tiẹ̀ burú ju tèmi lọ, lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Nígbà tí a wọlé, olùkọ́ méjì ló ń gbé aṣọ fún un rán. Ẹ wá wo bó ṣe ń rìn! Ìjókòó iwájú ló ń jókòó sí, tó ń nawọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní Botany nílé. Ó kàn rí i pé ọwọ́ òun lè ṣe nǹkan kó dáa ni.

Èmi ò mọ abẹ́rẹ́ dì mú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́ ní ìṣirò nígbà yẹn, ó sì gba B3 nínú WAEC. Nígbà tí mo padà, mo tún MTH 101 kọ. C ni mo gbà. Mo ya fọ́tò pátákó náà, ó ṣì wà lórí fóònù mi.