Wọ́n ní àwọn ọ̀lẹ nìkan ni Miami Dolphins nà lọ́dún 1972

Ẹ dárúkọ Miami Dolphins ọdún 1972 láàrin àwọn tó máa ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi yínmú. "Àwọn wo? Àwọn tí kò bá ẹni gidi kankan pàdé?" Wọ́n gbà pé ẹgbẹ́ náà kò pàdánù lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní oríire lásán ni, pé àwọn ẹgbẹ́ tí kò lè pa eṣinṣin ni wọ́n kó síwájú wọn. Àwọn tí kò tíì dáyé nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà ló tún máa ń fọwọ́ sọ̀yà jù lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Fún ẹni tí kì í wo eré náà: lọ́dún 1972, ẹgbẹ́ 26 ló wà ní NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14 sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń gbá kí wọ́n tó mú àwọn tó peregedé lọ sí ìpele tó jẹ́ pé bí o bá pàdánù, ilé yá. Àṣekágbá rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Super Bowl. Dolphins jáwé olúborí nínú gbogbo 14, wọ́n tún borí nínú mẹ́ta tó kù, ó di 17. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ẹgbẹ́ NFL mìíràn tó gba ife láìpàdánù.

Ẹ̀yin ọmọ Arsenal, ẹ má bínú sí mi o. Ẹgbẹ́ tiyín tí kò pàdánù ní Premier League ní sáà 2003 sí 2004, tí Kanu tiwa wà nínú rẹ̀, ọ̀mì 12 ni wọ́n gbá nínú 38, Chelsea sì já wọn kúrò nínú Champions League ní sáà yẹn kan náà. Dolphins kò gbá ọ̀mì kankan, kò sì sẹ́ni tó já wọn kúrò nínú nǹkan kan.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń yínmú yìí ní ibi tó ti wá. Ẹgbẹ́ mẹ́wàá ni Dolphins kojú nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14 wọ̀nyẹn, méjì péré nínú wọn ni ìṣẹ́gun wọn ju ìpàdánù lọ nígbà tí sáà parí: Kansas City Chiefs àti New York Giants, tí àwọn méjèèjì borí nínú mẹ́jọ tí wọ́n sì pàdánù mẹ́fà. Houston Oilers? Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí mú lọ́dún náà. New England mú mẹ́ta. Buffalo, San Diego àti St. Louis mú mẹ́rin mẹ́rin. Tí ẹ bá ro ti àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀, ìṣẹ́gun 51 ni, ìpàdánù 86, ọ̀mì mẹ́ta. Ẹni tó bá ka ìyẹn tó sì pa ìwé dé, kò burú tó bá sọ pé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn.

Àmọ́ ta ló nà wọ́n? Nínú ìpàdánù 86 yẹn, 14 wá láti ọwọ́ Dolphins fúnra wọn. New York Jets, Buffalo Bills, Baltimore Colts àti New England Patriots wà ní ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú wọn, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì mejì ni wọ́n pàdé, ẹ̀ẹ̀mejì mejì náà ni Miami sì fìyà jẹ wọ́n. Tí ẹ bá yọ ọwọ́ Dolphins kúrò nínú ìṣirò náà, ó ku ìpàdánù 72 sí ìṣẹ́gun 51. Mi ò ní parọ́, ìyẹn náà kò tíì dára. Ṣùgbọ́n kò bójú mu kí èèyàn na ọmọ ọlọ́mọ tán, kí ẹ wá máa sọ pé ọmọ tó ń sunkún ni wọ́n fi jìjàkadì.

Ohun tó tiẹ̀ ń bí mi nínú jù ni bí wọ́n ṣe gbà pé ẹgbẹ́ tí kò lágbára kì í na ẹgbẹ́ tó lágbára. Ṣé wọn kì í wo bọ́ọ̀lù ni? Buffalo tó mú mẹ́rin péré lọ́dún náà, tí wọ́n ní O. J. Simpson tó sáré ju gbogbo ẹni tó wà ní NFL lọ ní sáà yẹn, 24-23 ni Miami fi borí wọn. Àmì kan ṣoṣo! Jets náà, 28-24. Gbogbo ọdún ni ẹgbẹ́ kan máa ń rí ètò ìdíje tó rọrùn gbà láti ìgbà náà wá. Tó bá jẹ́ pé òun ló ń ṣe é, ó yẹ ká ti rí ẹlòmíràn.

Ẹ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta, ní Minnesota. Àwọn Vikings parí sáà pẹ̀lú ìṣẹ́gun méje àti ìpàdánù méje, nítorí náà, nínú ìwé àwọn ayínmú, "ẹgbẹ́ lásán" ni wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ lásán yìí ló ń ṣáájú pẹ̀lú 14-6 nígbà tí ìdámẹ́rin ìkẹyìn ti ń lọ. Garo Yepremian ti Miami gbá bọ́ọ̀lù láti yáàdì 51, ó gba àárín òpó méjèèjì kọjá, ó di 14-9. Nígbà tí kò tó ìṣẹ́jú méjì mọ́ kí wọ́n fọn fèrè, Bob Griese ju bọ́ọ̀lù sí Jim Mandich, ó gbá a mú, 16-14. Kò sí ohun tó rọrùn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí wọn kì í fẹ́ ká dé, ìyẹn ẹsẹ̀ Griese.

Griese ni quarterback wọn. Quarterback ni ẹni tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ máa ń dé ọwọ́ rẹ̀ nínú eré náà. Òun ló máa jù ú fún ẹni tó ń sá lọ níwájú, tàbí kó fà á lé ẹni tó wà lẹ́yìn lọ́wọ́ kí ìyẹn gbé e sáré. Bí ẹgbẹ́ kan bá pàdánù tirẹ̀ láàrin sáà, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ló máa ń gbàgbé ife lọ́dún náà. Lọ́jọ́ 15 oṣù kẹwàá, ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ karùn-ún, àwọn géńdé méjì láti San Diego ya lu Griese. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ yẹ̀. Wọ́n gbé e jáde.

Ẹni tó bọ́ sípò rẹ̀ ni Earl Morrall, ẹni ọdún 38. Baltimore Colts ti já a sílẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ọgọ́rùn-ún dọ́là péré ni Miami sì san láti fi gba orúkọ rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún dọ́là! Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Don Shula, ló mọ ohun tó rí lára rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti jọ wà ní Baltimore lọ́dún 1968, nígbà tí Morrall rọ́pò Johnny Unitas tó fara pa, tó sì di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní NFL lọ́dún náà. Àwọn méjèèjì náà ló jọ jẹ ìtìjú lẹ́yìn rẹ̀: wọ́n ti pàdánù ẹyọ kan péré kí wọ́n tó dé Super Bowl, tí gbogbo ayé gbà pé wọ́n á fi Jets fọ ilẹ̀. Jets nà wọ́n 16-7, Morrall sì ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ọ̀tá lẹ́ẹ̀mẹta.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Morrall ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án tó kù, òun ló tún bẹ̀rẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú ìpele tí èèyàn fi ń lọ sílé. Nínú 17, 11 ló jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé Jets lẹ́ẹ̀kejì, bàbá yìí, tí kò sẹ́ni tó gbà pé ó lè sáré, gbé bọ́ọ̀lù sá fún yáàdì 31 tó fi wọlé. Ẹ sọ fún mi bí ètò ìdíje tó rọrùn ṣe ṣe ìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Morrall ṣeé ṣe. Shula kì í fẹ́ kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù kiri. Larry Csonka, géńdé tó máa ń forí gba èèyàn kọjá, gbé bọ́ọ̀lù sáré yáàdì 1,117 lọ́dún náà. Mercury Morris tó yára bí àṣá sá yáàdì 1,000 géérégé. Kò tíì sí ẹgbẹ́ kan tí èèyàn méjì ti dé 1,000 lọ́dún kan náà rí. Nígbà tí sáà parí, 991 ni wọ́n kọ fún Morris. Wọ́n tún fíìmù wò, wọ́n rí i pé àwọn ti fi yáàdì mẹ́sàn-án rẹ́ ẹ jẹ, wọ́n sì dá a padà fún un. Tí ẹ bá ń gbé bọ́ọ̀lù sáré báyìí, aago ń lọ, àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú ẹgbẹ́ kejì kàn jókòó, wọ́n ń mumi. Nígbà tí wọ́n bá sì wọlé, àwọn adènà Miami ń dúró dè wọ́n. Tom Landry tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Dallas ti sọ nígbà kan pé òun ò rántí orúkọ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní adènà aláìlórúkọ. Nínú ẹgbẹ́ 26, Miami ló gba àmì wọlé jù (385), àmì tí wọ́n gbà wọlé sí Miami náà ló sì kéré jù (171). Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹgbẹ́ kejì kò rí àmì kankan mú lọ sílé.

Ó dáa, ká tiẹ̀ ní ká da gbogbo 14 náà nù. Ọ̀lẹ wo ló wà nínú mẹ́ta tó kù? Cleveland Browns ti borí nínú mẹ́wàá lọ́dún náà. Pittsburgh Steelers borí nínú 11, Washington náà 11. Cleveland ń ṣáájú pẹ̀lú 14-13 ní ìdámẹ́rin ìkẹyìn kí Jim Kiick tó gbé bọ́ọ̀lù wọlé, tó fi di 20-14.

Pittsburgh ló wá burú jù. Ẹgbẹ́ tí kò tíì pàdánù rárá, ilé àlejò ni wọ́n ní kó lọ gbá a! Nígbà náà, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa jù kọ́ ló ń gba àlejò. Ìsọ̀rí sí ìsọ̀rí ni wọ́n ń pín in kiri, ọdún náà sì bọ́ sọ́wọ́ Pittsburgh. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni. Steelers ń ṣáájú pẹ̀lú 7-0, Miami ò sì rí ọ̀nà lọ. Nínú eré yìí, tí ẹ̀yin ò bá rí ọ̀nà lọ, ẹ ó gbá bọ́ọ̀lù náà jìnnà sí ẹgbẹ́ kejì. Iṣẹ́ Larry Seiple nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, ó gbójú sókè, ó rí i pé àwọn ará Pittsburgh ti kẹ̀yìn sí òun, wọ́n ń sá lọ palẹ̀ mọ́ de bọ́ọ̀lù tó máa já bọ́. Kò gbá a mọ́. Ó kì í mọ́ abíyá, ó sá tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, yáàdì 37 ló sá, kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Láìpẹ́, Morrall ju bọ́ọ̀lù fún Csonka, ó di 7-7. Ní abala kejì, nígbà tí Steelers tún ti ṣáájú, Shula wo Griese tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ san, ó ní kó wọlé. Griese ju ọ̀kan sí Paul Warfield, yáàdì 52. Wọ́n parí rẹ̀ sí 21-17.

Ní Super Bowl, lọ́jọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 1973 ní Los Angeles, Washington ni àwọn onítẹ́tẹ́ tún fi ọkàn tán. Ẹgbẹ́ tó ti borí nínú 16 láìṣi ẹsẹ̀ gbé! Àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú Washington kò gba àmì kankan wọlé lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí àmì méje wọn gbà wá ni ti Yepremian. Miami ń ṣáájú pẹ̀lú 14-0, ó ku bí ìṣẹ́jú méjì, ó gbá bọ́ọ̀lù láti fi parí rẹ̀ sí 17-0, wọ́n dínà rẹ̀. Ó yẹ kó kàn sùn lé e lórí. Ó gbé e nílẹ̀, ó fẹ́ jù ú, bọ́ọ̀lù yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Mike Bass já a gbà, ó sá a lọ ní yáàdì 49. 14-7. Washington tún rí bọ́ọ̀lù gbà lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n àwọn aláìlórúkọ ò gbà fún wọn.

Àwọn kan máa ń sọ pé 14 péré ni wọ́n ń gbá nígbà náà, pé tòní ti di 17. Òótọ́ ni. Patriots ọdún 2007 borí nínú 18, wọ́n pàdánù ìkọkàndínlógún sọ́wọ́ Giants ní àṣekágbá. Ẹgbẹ́ ńlá ni wọ́n, mo kí wọn, àmọ́ wọn ò gbé ife lọ sílé. Dolphins ní tiwọn tún padà wá lọ́dún 1973, ìpàdánù méjì péré ni wọ́n ní, wọ́n sì tún gba ife. Sáà méjì, ìṣẹ́gun 32, ìpàdánù méjì. Ṣé ètò ìdíje ọdún 1972 náà ló ṣì ń ràn wọ́n lọ́wọ́?

Ẹ ó tún gbọ́ pé gbogbo wọn máa ń kóra jọ lọ́dọọdún láti mu ṣámpéènì lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ tó kù tí kò tíì pàdánù bá ṣubú. Àhesọ ló pọ̀ jù nínú ìyẹn. Àwọn méjì mẹ́ta tí ilé wọn súnmọ́ra ní Coral Gables ló jọ gbé ife sókè, ayé wá sọ ọ́ di ayẹyẹ ẹgbẹ́.

Chicago Bears ọdún 1985 ni wọ́n sì máa ń mú wá tí ẹnu bá ti kù wọ́n, pé àwọn yẹn ì bá ti lu Dolphins ní àlùbolẹ̀. Bears borí nínú 12 tẹ̀léra wọn lọ́dún náà. Lọ́jọ́ kejì oṣù Kejìlá, wọ́n lọ sí pápá Orange Bowl ní Miami. Shula ṣì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀, díẹ̀ lára àwọn ọmọ ọdún 1972 sì wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá. 38-24 ni Miami fi nà wọ́n, òun nìkan ni ìpàdánù tí Bears ní títí tí wọ́n fi gba Super Bowl.