Ta ló ní ẹni tí ò ní mọ́tò ò lè kó ọmọ lọ sùn lẹ́sẹ̀ òkè?

Ìsọmọlórúkọ la lọ lọ́jọ́ Sátidé, ní Manchester níbí, mo ń jẹ ìrẹsì mi jẹ́jẹ́ ni bùrọ̀dá wa kan bá tún gbé e dé. Wọ́n ní ẹni tí ò bá ní mọ́tò kó gbàgbé ọ̀rọ̀ à ń kó ọmọ lọ sùn lẹ́sẹ̀ òkè nílùú òyìnbó yìí, pé àwọn tọ́wọ́ wọn dẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo tábìlì sì ń mi orí. Mi ò fèsì torí àgbà ni wọ́n, mi ò sì fẹ́ ba òde olóde jẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ n rí oorun sùn, tórí ẹ̀ ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ síbí.

Àwa ò ní mọ́tò. Ọmọ mẹ́ta la bí, ọ̀kan 12, ọ̀kan 9, ọ̀kan 6. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti pọn bàágì lọ sùn sínú téǹtì láti ọdún tó kọjá, tréènì la sì ń wọ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ. Ẹ lọ sí téṣọ̀n Piccadilly, ẹ wọ tréènì Sheffield, kì í ṣe èyí tó ń sáré o, èyí tó ń dúró káàkiri, á gbé yín dé Edale, abúlé kan tí òkè yí ká, láàárín bíi ìṣẹ́jú 45. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, tréènì á wọnú ihò abẹ́ òkè tí wọ́n ń pè ní Cowburn, ihò yẹn ju máìlì 2 lọ, òkùnkùn biribiri, etí á dí, àbíkẹ́yìn mi á rọ̀ mọ́ mi lápá á bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà, tó bá fi máa ka dé bíi 130 báyìí gbogbo fèrèsé á kàn di ewé tútù lẹ́ẹ̀kan náà, àgùntàn níbí, òkè lọ́hùn-ún. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti dé nìyẹn. Ẹ ò wá takisí, ẹ ò wá bọ́ọ̀sì. Ilé ọtí tí Pennine Way ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gùn tó máìlì 268 tó sì jáde sí Scotland, kò tó ìrìn ìṣẹ́jú 15 sí téṣọ̀n. Oko táwọn èèyàn ti ń ta téǹtì ò sì jìnnà sí i.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé ẹni tó wa mọ́tò lọ, ibi tó páàkì sí ló gbọ́dọ̀ padà sí, bó ti wù kó rìn jìnnà tó. Àwa ńkọ́? Lọ́jọ́ Sọ́ńdè a ká téǹtì, a gun òkè lọ sí Hollins Cross, ibi táwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ ti pàdé lórí òkè. Ibẹ̀ làwọn ará Edale máa ń gbé òkú wọn gbà lọ sin sí Hope, abúlé tó wà lódìkejì òkè, láyé àtijọ́, kí wọ́n tó ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn. Àkọ́bí mi ní, "Mọ́mì, ta ló ń gbé e gun ibí?" Mo ní àwọn tí ò ní mọ́tò ni. Láti ibẹ̀ a tẹ̀ lé orí òkè lọ sí Back Tor, ó di Lose Hill, mítà 476, atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba fìlà lórí dádì wọn, a wá rọra sọ̀ kalẹ̀ sí Hope. Téṣọ̀n tó tẹ̀ lé ti Edale gan-an ni Hope, a wọ tréènì, ó dilé. Ibi tá a bẹ̀rẹ̀ kọ́ la parí sí. Kí onímọ́tò lọ ṣe ìyẹn ká wò ó.

Ta ló tiẹ̀ jà fún òkè yìí tí mùtúmùwà fi ń gùn ún? Ní April 24, 1932, bíi 400 èèyàn, àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, rọ́ gun Kinder Scout, òkè ńlá tó wà lẹ́bàá Edale, tí àwọn onílẹ̀ ti sé mọ́ra wọn nítorí ẹyẹ tí wọ́n ń yìnbọn pa. Benny Rothman ló ṣáájú, ọmọ 20 ọdún. Kẹ̀kẹ́ ló gùn láti Manchester lọ síbẹ̀, torí ọlọ́pàá ti ń dúró dè é ní téṣọ̀n. Márùn-ún nínú wọn ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tó di 1951, Peak District, àgbègbè tí gbogbo òkè yìí wà, ló kọ́kọ́ di national park, ìyẹn ilẹ̀ tí òfin ń dáàbò bò, ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò rò pé onímọ́tò pọ̀ láàárín wọn.

Wọ́n ní ẹrù ńkọ́, níbo lẹ máa gbé kúlà sí. Ta ló ń gbé kúlà gun òkè? Gààrí Ìjẹ̀bú, kúlíkúlì, ẹja gbígbẹ, indomie méjì mẹ́ta, ó parí. Kálukú pọn àpò tó máa sùn sínú ẹ̀, títí kan ọmọ 6. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi máa ń kó àwa mẹ́rin láti Ìbàdàn lọ sí Ìsẹ́yìn nínú bọ́ọ̀sì, adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ wà lábẹ́ àga, iṣu wà lẹ́yìn, èmi wà lórí itan ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Bùrọ̀dá tó ń sọ̀rọ̀ yìí náà, bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ló ń gbé wọn lọ sílé ìyá àgbà wọn! Ìgbà wo ló wá di pé mọ́tò ló ń bímọ?

Ìgbà àkọ́kọ́ tá a lọ, mo gbàgbé àwọn irin tí wọ́n fi ń kan téǹtì mọ́lẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, òkúta la fi tẹ̀ ẹ́, òjò sì rọ̀ mọ́jú. Ṣé mọ́tò ni ì bá bá mi rántí ẹ̀?

Ó dáa, mo gbà, tréènì ọjọ́ Sọ́ńdè kì í pọ̀, ó ti já wa kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a jókòó sórí bàágì fún wákàtí kan àtààbọ̀. Àwọn òkè kan sì wà tí tréènì ò dé rárá. Ẹ má lọ síbẹ̀ nígbà yẹn.

Ní ti owó, Family & Friends Railcard la ń lò, káàdì tó ń dín owó tréènì kù. Ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta fún àgbà, ó ń yọ 60% fún ọmọ ọdún 5 sí 15. Àgbà 4 àti ọmọ 4 ló gbà lẹ́ẹ̀kan náà, àwa àgbà ò sì ju méjì lọ. Bùrọ̀dá, tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, àyè yín àti ti ìyàwó yín ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbé gààrí yín dání, torí tiwa ò ní kárí.