Aago Méjì Ni A Ń Parí

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí ti kún mi nínú, mo fẹ́ sọ ọ́ jáde. Aago méjì ọ̀sán ni jẹ́lé-ó-sinmi wa ń parí. Ó wà lára géètì, ó wà nínú ìwé tí ẹ buwọ́ lù lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ wá, mo sì ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Kí ló wá dé tí mo fi ń jókòó ti ọmọ ọlọ́mọ di aago márùn-ún, aago mẹ́fà?

Ẹ má sọ ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road fún mi. Ìbàdàn kan náà ni gbogbo wa ń gbé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin ló kù sí mi lọ́wọ́. Láti aago méjì ló ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó ní òun ò bọ́ ọ, mọ́mì òun ń bọ̀. Gbogbo ọ̀kadà tó bá ti dún lẹ́nu géètì ló ń dìde fún: "Àǹtí, mọ́mì mi nìyẹn!" Kì í ṣe mọ́mì ẹ̀. Mo fi owó ọkọ̀ mi ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún un. Mo pe ìyá, kò gbé e. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló tó yọ, irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì lórí, òróró ṣì ń dán níbẹ̀. Kò kí mi. Kò sọ pé ẹ má bínú. Ohun tó bi mí ni pé kí ló dé tí sọ́kísì ọmọ òun fi dọ̀tí.

Sọ́kísì!

Ọmọ 38 ló wà ní kíláàsì mi, bẹ́ẹ̀ ìlànà ìjọba ní ọmọ 25 sí tíṣà kan. Kúlà 38 ni mò ń ṣí, tí mò ń dé. Èyí tọ̀ sára, èyí yàgbẹ́, èyí gé ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ. Bí wọ́n bá lọ tán ni mò ń gbálẹ̀, tí mò ń kọ nóòtì iṣẹ́ ọjọ́ kejì. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Tèmi ò tó ìdajì ẹ̀. Kò sí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀ fún wákàtí tí mo fi ń ṣọ́ ọmọ yín lẹ́yìn iṣẹ́.

Jẹ́lé-ó-sinmi lóòótọ́! Ilé tiyín ń sinmi. Èmi náà bímọ o. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ọ̀dọ̀ ìyá aláta àdúgbò wa ló máa ń dúró dè mí. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, orí bẹ́ǹṣì ni mo ti bá a, ó ti sùn lọ, kò tíì jẹun, ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ wúlewúle.

Mi ò lè ti ọmọ yín síta kí n máa bá tèmi lọ. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà lẹ ṣe ń ṣe é.