Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí Tobi Amusan sí o
Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, èyí tẹ́ ẹ ń pín kiri látàárọ̀ pé ọmọ Òkè-Fìà níbí ni Tobi Amusan, ọmọ Nàìjíríà tó ń sáré 100 mítà tí wọ́n ń fo igi (hurdles), àti pé sẹ́kọ́ǹdì 12.06 ni rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé ẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1997, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. 12.12 ni rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀, sẹmi-fáínà ìdíje eré sísá àgbáyé ló ti sá a ní Eugene l'Amẹ́ríkà, July 2022. Òótọ́ ni pé ó sá 12.06 ní fáínà lọ́jọ́ yẹn kan náà, àmọ́ atẹ́gùn ń tì wọ́n lẹ́yìn, mítà 2.5 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, bẹ́ẹ̀ 2.0 ni òfin gbà, ìyẹn ni wọn ò ṣe kà á sí rẹ́kọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n góòlù ẹ̀ dúró digbí. Nígbà tí wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè wa tí omijé ń dà lójú ẹ̀, èmi náà ń sunkún nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó gbé e síta, jọ̀ọ́, bá wa tún un ṣe.