Ẹ̀wù kọ́ ni ìṣòro

Mo ka ìròyìn kan tí ẹni tó kọ ọ́ ti ní kí àwọn oníṣòwò yé sọ fíìmù tó ní àròjinlẹ̀ di géèmù orí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀wù títà. Ẹ̀wù kẹ̀? Ní Òṣogbo níbí, bí ọdún Ọ̀ṣun bá dé lóṣù kẹjọ, a máa ń ta fìlà, a máa ń ta kẹ́ẹ̀gì omi, Ọ̀ṣun ò bínú. Géèmù ni ká gbé yẹ̀ wò. Nínú Stalker, fíìmù tí Tarkovsky, olùdarí fíìmù ará Rọ́ṣíà, ṣe ní 1979, ọkùnrin mẹ́ta ń wá yàrá tó ń mú ìfẹ́ ọkàn ṣẹ. Ìrìn àti àríyànjiyàn ló kún inú ẹ̀. Géèmù S.T.A.L.K.E.R. tó jáde ní 2007 mú nínú ẹ̀, ó wá di ìbọn yíyìn ṣáá. Àbúrò mi gbá a títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, òun náà ló padà wá tọrọ fíìmù ọ̀hún lọ́wọ́ mi.