Èsì wa fún oníbàárà tí àwòrán ìyá rẹ̀ ṣá lára ògiri

A kí yín, mà. A ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ ọjà wa tán, a sì jókòó lé e lórí ní ṣọ́ọ̀bù kí a tó dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ àwòrán ìyá ẹni kọjá ohun tí à ń fi "ẹ má bínú" kan ṣoṣo dá lóhùn. Ẹ ní ìgò íǹkì mẹ́fà ni ẹ rà lọ́wọ́ wa fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Epson L805 tí ẹ ń lò nílé, pé owó rẹ̀ kò tó ìdajì owó ojúlówó, àti pé àwòrán tí ẹ kọ́kọ́ fi tẹ̀ dára débi pé ẹ pe aládùúgbò wá wò ó. Ṣùgbọ́n àwòrán ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún ìyá yín, tí ẹ gbé kọ́ sí ògiri pálọ̀ nílé yín ní Abẹ́òkútà, ti pọ́n rúsúrúsú kí oṣù méje tó pé. Gèlè búlúù tí ìyá wé ti dà bí eérú, àmọ́ àwòrán tí ẹ fi íǹkì tó bá ẹ̀rọ náà wá tẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ tún ní láti ìgbà ọyẹ́ ni ìlà funfun ti ń la àwòrán yín kọjá, ẹ sì béèrè bóyá íǹkì wa ti ba ẹ̀rọ jẹ́. Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún, ẹ ní ayédèrú ni a tà fún yín.

Lórí pé ó ṣá, ẹ̀yin lẹ jàre. Ní ojú ìwé tí a fi polówó íǹkì yìí, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣá. Ohun tí ó wà lára páálí nígbà tí wọ́n kó o dé ni a dà kọ láìdán an wò, ẹ̀bi wa sì ni, ẹ̀yin tí ẹ gbà wá gbọ́ kò lẹ́bi kankan níbẹ̀. A ti pa gbólóhùn náà rẹ́ lọ́jọ́ tí a ka ọ̀rọ̀ yín, a sì ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tí ó sọ ọ́ gbangba pé íǹkì yìí kò sí fún àwòrán tí èèyàn fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri fún ọdún pípẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì wá.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú ni a fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí a là yé ara wa, torí orúkọ rere ni a fi ń tajà. Ayédèrú ni íǹkì tí ẹnì kan rọ sínú ìgò, tí ó wá lẹ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá mọ́ ọn lára kí ẹni tó ń rà á lè rò pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Irú rẹ̀ wà lọ́jà, ó sì ń dùn wá gan-an, nítorí owó ojúlówó ni wọ́n ń gbà lé e lórí. Íǹkì àfidípò ni a tà fún yín: orúkọ ẹni tí ó ṣe é ló wà lára ìgò, wọ́n sì kọ irú ẹ̀rọ tí ó bá mu síbẹ̀. Kò sí olè jíjà nínú irú òwò yìí. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Lexmark tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pe ilé iṣẹ́ mìíràn, Impression Products, lẹ́jọ́ nítorí kátíríìjì Lexmark (ìyẹn ike tí íǹkì tàbí ẹ̀tù ìtẹ̀wé máa ń wà nínú rẹ̀) tí àwọn yẹn ń tà lẹ́yìn tí wọ́n ti tún un rọ kún. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ìdájọ́ sì jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2017 pé bí ilé iṣẹ́ bá ti ta kátíríìjì rẹ̀ tán, kò lè tún fi ẹ̀tọ́ tí ìjọba fún un lórí iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ de ẹni tí ó rà á mọ́. Òfin tiwọn nìyẹn, kò dé ọ̀dọ̀ wa, kì í sì í ṣe íǹkì àfidípò gan-an ni ẹjọ́ náà dá lé, àmọ́ ó fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti kàn ni ayédèrú. Ohun tí a jẹ yín ní gbèsè rẹ̀ ni òtítọ́ nípa ohun tí àfidípò lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Abẹ́òkútà ni ẹ wà, ìlú aládìrẹ, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòroó yé yín. Aró máa ń wọ inú òwú aṣọ lọ ni, ṣùgbọ́n orí ògiri ni ọ̀dà máa ń jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni íǹkì ṣe pín sí méjì: èyí tí ó ń yòrò wọ inú ìwé bí aró, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní dye, àti èyí tí ó jẹ́ ẹ̀tù kíkúnná tí ń dúró sókè ìwé bí ọ̀dà, tí wọ́n ń pè ní pigment. Dye a máa dán, a máa tàn yòò lórí ìwé fọ́tò, ṣùgbọ́n oòrùn àti afẹ́fẹ́ tètè ń rí i mú. Irú rẹ̀ ni ẹ̀rọ L805 ń lò, ìbáà jẹ́ ojúlówó tàbí àfidípò. Gáàsì kan wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ozone ni orúkọ rẹ̀, ó sì máa ń jẹ àwọ̀ dye díẹ̀díẹ̀. Cyan, ìyẹn àwọ̀ búlúù, ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Nígbà tí búlúù bá ti lọ, magenta, ìyẹn àwọ̀ pupa, àti yẹ́lò ni ó kù lórí ìwé, ìdí nìyí tí ojú ìyá fi pọ́n tí gèlè wọn sì fi di eérú. Ìwé fọ́tò tí ó ń gbẹ lójú ẹsẹ̀, irú èyí tí gbogbo wa fẹ́ràn, tún dá kún un, nítorí pé ihò wínníwínní ló kún ojú rẹ̀, ibi tí íǹkì sì gbà wọlé ni afẹ́fẹ́ náà ń gbà tẹ̀ lé e.

Ẹ má rò pé àfidípò nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 2000, Epson gbé ẹ̀rọ Stylus Photo 870 àti 1270 jáde. Íǹkì ojúlówó ni àwọn ènìyàn fi tẹ àwòrán wọn, ìwé ojúlówó ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, síbẹ̀ àwòrán àwọn kan pọ́n bí òroḿbó láàárín àkókò kúkurú, ozone yìí kan náà ni wọ́n sì rí pé ó fà á. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ń sapá lórí bí àwọ̀ yóò ṣe pẹ́, tí wọ́n ń kó íǹkì àti ìwé wọn lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọ̀ àwọn ilé ìwádìí bíi Wilhelm Imaging Research ní ìlú Grinnell, ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi iná tó mọ́lẹ̀ gan-an àti ozone fìtínà àwòrán láti mọ iye ọdún tí ó lè lò. Ara ohun tí owó ojúlówó ń san nìyẹn. Ẹni tí ó ṣe íǹkì tí a tà fún yín kò fi irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ hàn wá rí, àwa náà kò sì béèrè. Ó yẹ kí a ti béèrè.

Lẹ́yìn tí a ka ọ̀rọ̀ yín, a rántí àwòrán kan tí a fi íǹkì yìí kan náà tẹ̀, tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ìwé pélébé tí a kọ iye owó sí, irú èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ ara ọjà, ti bo igun rẹ̀ kan láti oṣù kẹta. A ṣí i. Abẹ́ ibi tí a bò, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú àwòrán náà ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ní ìta rẹ̀, ewé kan náà ti pọ́n bí èyí tí ọyẹ́ jó, ààlà àárín àwọn méjèèjì sì gún régé bí ẹni fi rúlà fà á. Lójú ara wa ni a ti rí ohun tí ẹ rí, kò sì sí ohun tí a lè bá yín jiyàn lé lórí mọ́.

Ní ti ìlà funfun, ó jọ pé ẹ̀rọ yín kò tíì bàjẹ́. Nínú L805, hẹ́ẹ̀dì tó ń tú íǹkì kì í kúrò nínú ẹ̀rọ, kò dà bí ti àwọn kátíríìjì kan tó jẹ́ pé ara wọn ni hẹ́ẹ̀dì wà, tí a óò ju méjèèjì nù pọ̀ tí íǹkì bá tán. Bí ẹ̀rọ bá ti tẹ̀wé tán, ó máa ń gbé hẹ́ẹ̀dì lọ síbi ìsinmi rẹ̀, ó sì ń fi ìdérí bò ó kí íǹkì má bàa gbẹ. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ nígbà tí ó ń tẹ̀wé lọ́wọ́, agbedeméjì ni hẹ́ẹ̀dì máa dúró sí láìní ìdérí, tí ọyẹ́ bá sì ń fẹ́ lákòókò náà, wákàtí díẹ̀ lè tó kí àwọn ihò kan dí. Ẹ ṣe àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ ń pè ní nozzle check, tí ó ń tẹ àwọn ìlà jáde láti fi hàn bóyá ihò kan dí. Bí ìlà rẹ̀ kan bá já, ẹ ṣe head cleaning, ìyẹn fífọ hẹ́ẹ̀dì, ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹ má ṣe é ní àṣetúnṣe, nítorí íǹkì ni ó ń fi fọ hẹ́ẹ̀dì, ìdọ̀tí íǹkì náà sì ń kó sínú tìmùtìmù kan nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, tí ó máa kún níjọ́ kan. Bí ẹ bá lè gbé ẹ̀rọ sórí ínfátà nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀wé, yóò dára púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí náà fún yín kí ẹ má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn: bí íǹkì tí kì í ṣe tiwọn bá ba hẹ́ẹ̀dì jẹ́, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ kì í sábà fi ìdánilójú wọn bo irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nìyí. Ẹ fi fáìlì àwòrán ìyá ránṣẹ́ sí wa, a ó fi íǹkì ojúlówó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ilé iṣẹ́ kan náà ní ìwọ̀n tí ẹ bá fẹ́, a ó sì fi ránṣẹ́ sí Abẹ́òkútà ní owó tiwa. Nígbà tí ó bá dé, ẹ jẹ́ kí ó gba afẹ́fẹ́ ní odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó fi sínú férémù, kí gíláàsì má bàa hu kùrukùru, kí ẹ sì gbé e kọ́ sí ògiri tí oòrùn fèrèsé kò dé. Gíláàsì yẹn ṣe pàtàkì, torí ó máa ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Ìgò tí ẹ kò tíì ṣí, ẹ dá a padà, a ó san owó yín. Èyí tí ẹ ti rọ sínú ẹ̀rọ, ẹ lè lò ó tán fún iṣẹ́ ilé ìwé àwọn ọmọ, fún ìwé ìpè, fún fọ́tò tí ẹ fẹ́ fi sínú álíbọ́ọ̀mù tí a ń pa dé. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, a ṣì lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. A kò bẹ̀ yín pé kí ẹ yí ìràwọ̀ méjì yẹn padà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni a ní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ju àwòrán tí ó ṣá náà nù. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, a fẹ́ gba apá ibi tí gèlè wà nìkan, kí a gé ojú ìyá kúrò kí a sì dá a padà fún yín, kí a lè gbé gèlè náà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a to íǹkì yìí sí, kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á rí i kí ó tó sanwó. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi í pamọ́ sọ́dọ̀ yín, àwòrán tuntun yín yóò ṣì dé bí a ṣe ṣèlérí.